Oríkì Ìyá Mi Ni Mo Fi Pè É

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí kò ṣeé sọ fún aládùúgbò, kò sì ṣeé gbé mì. Ọmọ kan wà nínú ilé mi ní Ṣàngótẹ̀dó tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé nínú, tí mo fún lọ́mú, tí mo kọ́ ní ìrìn. Ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kírun, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe oríkì tí a fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ńṣe ló máa ń wojú mi bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ará ibòmíràn. Bí mo bá sì pe oríkì kejì, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, kíá ni yóò ti dáhùn. Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé. Ẹnu mi yìí ni mo fi fà á, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é.

Alágbàfọ̀ ni mí. Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa kíkọ nǹkan sílẹ̀, ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Aṣọ oníbàárà ló kọ́ mi. Bí o kò bá fi òwú sàmì sí aṣọ, aṣọ Lágbájá yóò bọ́ sí ilé Tàmẹ̀dù, ìjà yóò sì dé. Bí mo ṣe ń sàmì sí aṣọ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí ilé wa. Mo ní ìwé mẹ́rin tí mo fi ọ̀rá wé. Orúkọ àti oríkì gbogbo ẹni tí a bí nínú ẹbí wa wà níbẹ̀, àìsàn tó ṣe wọ́n àti ohun tí a fi wò ó, ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ mi, ọjọ́ tí a kó kúrò ní Àjá wá sí Ṣàngótẹ̀dó. Bí iyàn bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ẹbí, wọn á ní, “Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Yétúndé, ó ti kọ ọ́.” Ohun tí mo bá sì kọ, òun ni gbogbo wa máa ń gbà.

Ìyá tó bí mi, Àníkẹ́ ni oríkì wọn. Etí òkun ni wọ́n ti wá, ní abúlé kan níwájú Ìbẹ̀jú tí kò sí mọ́ báyìí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ilẹ̀ iléeṣẹ́. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin abúlé náà fi ń ru àgbọn àti òróró àgbọn wá sí Àjá. Ìyá mi kì í rìn bí èèyàn ṣe ń rìn. Ńṣe ni wọ́n máa ń sáré wẹ́wẹ́, apẹ̀rẹ̀ lórí, ọwọ́ òsì á di apẹ̀rẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún á máa jù síwájú bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ́n irúgbìn. Láti òkèèrè la ti máa ń dá wọn mọ̀. Nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́rin, wọ́n wá kí mi ní Àjá, wọ́n sun ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé, pé àwọn kò ní wọkọ̀, pé ojú ọjọ́ tutù, ìrìn sì wu àwọn. Wọn kò dé abúlé. Wọn kò padà sọ́dọ̀ mi. A wá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá, a wá wọn dé ilé ìwòsàn, a wá wọn létí ọ̀sà àti létí òkun, a kéde wọn lórí rédíò. Kò sí ẹni tó rí wọn. Kò sí òkú, kò sí aṣọ, kò sí bàtà ẹsẹ̀ kan.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo bí obìnrin. Mo ní Yétúndé ni yóò máa jẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, fà mí sí kọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé o rí òkú ìyá rẹ ni? Ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó lọ, ta ló sọ fún ọ pé ó ti dé?” Mo sunkún títí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Wọ́n wá ní, “Ó dáa. Ẹ máa pè é ní Yétúndé. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó fún un lóríkì. Àbẹ̀ní ni. Tirẹ̀ nìyẹn o. Ẹnikẹ́ni kò lò ó rí nínú ilé yín.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Yétúndé Àbẹ̀ní. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n èmi, ọgbẹ́ ọkàn mi ni mo wò.

Àbẹ̀ní dàgbà, ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní ẹ̀sítéètì Victoria Garden City. Ọmọ aláwàdà ni. Kì í jẹ àgbọn, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ pákó. Ẹgbẹ́ kan wà nínú ẹ̀sítéètì náà, àwọn ọ̀gá àti àwọn màdáámù tó máa ń sáré láàárọ̀ láti múra sílẹ̀ fún eré ìje gígùn ti ìlú Èkó, èyí tí a ń pè ní Márátọ́ọ̀nù. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ wọn, Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré kan yọ́ jáde ní ilé ìtọ́jú, Àbẹ̀ní bọ́ sí títì, ó gbá tẹ̀lé e pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó sì gba àárín àwọn eléré kọjá bí ẹni tó gba àárín igi kọjá. Kóòṣì pariwo pé, “Àbúrò, ta ló ń lé ọ?” Ó ní, “Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń lé mi o, èmi ni mò ń lé èèyàn!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti di ara wọn. Kóòṣì ní bó bá lè múra fún oṣù mẹ́rin, yóò sáré náà dópin.

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo gba ìwé ètò tí Kóòṣì fún un, mo fi rúlà fa ìlà, mo da gbogbo rẹ̀ kọ. Ọjọ́ eré kúkúrú, ọjọ́ ìsinmi, ohun tó jẹ, wákàtí tó sùn, ìṣẹ́jú tó lò láti ibì kan dé ibòmíràn. Sátidé ni ọjọ́ eré gígùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, yóò gbéra láti Ṣàngótẹ̀dó, yóò gba Abíjọ kọjá, yóò gba Awóyayà kọjá, ó di oríta Ẹlẹ́kọ̀ lójú títì, yóò yí padà. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Lẹ́kkí Free Zone, nítorí náà mo máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, yóò já mi sílẹ̀ ní Awóyayà pẹ̀lú omi àti ọsàn, n ó sì dúró síbẹ̀ de ọmọ mi ní àlọ àti àbọ̀.

Àbọ̀ ni ìṣòro. Bó bá ti ń padà bọ̀, tó kan Awóyayà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀. Á jókòó sórí kọnkéré gọ́tà, á ní, “Màmi, ó ti tán. Ẹ bá mi pe kẹ̀kẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Sátidé mẹ́ta léra wọn. Kóòṣì ní, “Màmá, ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò ní nǹkan kan. Orí ló ń tàn án. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan sọ fún un tí yóò mú un gbàgbé àárẹ̀.” Ọ̀rọ̀ wo ni Yorùbá ń sọ sí èèyàn létí kí orí rẹ̀ wú, bí kò ṣe oríkì? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dúró létí títì, mo ki Àbẹ̀ní, mo kì í ní oríkì ilé bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. “Màmi, ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́, àwọn onímọ́tò ń wò wá!” Ó tún jókòó sórí gọ́tà.

Ọyẹ́ mú gan-an ní Sátidé kejì. Òjìji ọkọ̀ nìkan lèèyàn ń rí lójú títì, iná wọn á kọ́kọ́ yọ, kí ara wọn tó yọ. Mo ń wo apá ibi tí ọmọ mi yóò gbà bọ̀. Nǹkan kan yọ nínú ọyẹ́ náà, ó ń sáré wẹ́wẹ́, orí kò mì, ọwọ́ ọ̀tún ń jù síwájú bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ́n irúgbìn. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti là: “Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọmọ a-rin-iyanrìn-má-rì! Ọmọ òkun kò nílẹ̀kùn, ọmọ ọ̀sà kò ní kọ́kọ́rọ́! Ọmọ a-rìn-létí-omi-kí-ẹsẹ̀-má-tutù!” Ọmọ mi ni lóòótọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Kò wò mí. Kò dúró gba omi. Ó kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ọyẹ́ sì tún bò ó mọ́lẹ̀ ní apá kejì.

Nígbà tí mo délé, ó ti wẹ̀, ó ti jókòó lórí ẹní. Mo ní, “Yétúndé, o gbìyànjú lónìí!” Ó ní òun kò rántí bí òun ṣe kọjá Awóyayà. Mo gbé bàtà rẹ̀ láti gbọ̀n ọ́n, iyanrìn sì dà lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe iyanrìn pupa ti ẹ̀bá ọ̀nà. Iyanrìn funfun ni, ó tutù, ó ń rùn bí omi òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó gbà kò dé etí òkun níbì kankan. Mo gbọ̀n ọ́n dànù sẹ́yìnkùlé. Mo kọ ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀. N kò kọ ọ̀rọ̀ iyanrìn.

Láti ìgbà náà, oríkì yẹn ni mò ń lò. Bí mo bá ti pè é, kò tún sí àárẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè bá a mọ́, Kóòṣì á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Màmá, kí lẹ fún un mu? Ẹ bá wa bù díẹ̀ wá o, ẹ ò rí bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ṣe ń fa ẹsẹ̀!” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀. Ó ní òǹgbẹ gbẹ òun níbi kànga. Mo ní kànga wo? Ó ní, “Ibi tí wọ́n ti ń ta epo yẹn, ní Awóyayà.” Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè bóyá kànga wà níbẹ̀ rí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ? A ti dí kànga yẹn kí wọ́n tó bí ọ.” Mo dúpẹ́, mo yára kúrò níwájú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ, ọkàn mi sì wà níbòmíràn. Àbẹ̀ní jókòó lẹ́yìn mi, ó ń jẹ àgbọn. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbọn. Ó ní, “Òròmọ, áyọ́ọ̀nù yẹn ti ń jó aṣọ.” Lóòótọ́, áyọ́ọ̀nù ti lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ṣùgbọ́n n kò wo ṣẹ́ẹ̀tì mọ́, òun ni mo yíjú wò. Òròmọ ni ìyá mi máa ń pè mí, torí wọ́n ní bí mo ṣe kéré nígbà tí wọ́n bí mi, bí òròmọdìẹ ni mo rí. Àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo tú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. N kò kọ ọ́ síbì kankan.

Ṣé ẹ̀rù bà mí? Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí: ayọ̀ tó wà nínú ẹ̀rù náà ju ẹ̀rù lọ. Ìyá mi tí mo wá títí tí n kò rí, ohùn wọn wà nínú ilé mi! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àníkẹ́ nínú ilé ìdáná. Mo pè é níbi tí a ti ń sá aṣọ. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá pè é láàárọ̀ Sátidé, kí ó tó délé yóò ti padà di Àbẹ̀ní. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sán kí ó tó padà. Nígbà tó tún yá, ó di ìrọ̀lẹ́. Mò ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orúkọ ìyá àgbà wọn tí n kò mọ̀, ó sọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbin àgbọn sí abúlé, ó sọ ọ́. Gbogbo ibi tí mo ti fa ìlà sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí, mo kọ ọ́ kún. Ọmọ mi ni mò ń bù dí àlàfo inú ìwé mi, ẹ sì gbà mí gbọ́, n kò dúró.

Ó bẹ̀ mí. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí eré ìje dé. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí ọpọ́n ìfọṣọ, ó ní, “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ yẹn pè mí mọ́. Bí ẹ bá ti pè é, ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ẹlòmíì wá ń wà á. Mò ń rí ọ̀nà o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ló wà lórí stíárìn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn sì ń jìn sí i lójoojúmọ́.” Kí ni mo sọ? Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, ọmọ mi. Fara dà á. Bí a bá ti sáré tán, ó parí.” Ó wò mí. Kò tún bẹ̀ mí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Ẹ̀pẹ́ dé láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe pè é lẹ́yìnkùlé. Wọ́n sọ báàgì wọn sílẹ̀. “Ta ló ń jẹ́ Àníkẹ́ nínú ilé ọmọ mi?” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ eré ìje ni, ó ń fún un lágbára ni.” Wọ́n ní, “Agbára ta ni? Èmi ò rí òkú ìyá ẹ, ìwọ náà ò rí i. Ẹni tí wọn ò sin, ojú ọ̀nà ló wà. Ìwọ wá dúró lójú ọ̀nà, ò ń pè é wọ ara ọmọ! Bí o bá nífẹ̀ẹ́ ìyá, ṣé ọmọ lo máa fi gbà á lálejò?” Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo fi Ọlọ́run búra pé n kò ní pè é mọ́. Mo mú ìbúra náà ṣẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àbẹ̀ní bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà. Ó gbé àgbọn tó kù fún ewúrẹ́ aládùúgbò.

Ọjọ́ eré ìje dé. Ọkọ mi lọ dúró níbi ìparí. Èmi dúró ní ẹsẹ̀ afárá tó ti Ìkòyí wọ Lẹ́kkí. Oòrùn ti yọ, orin ń dún, èèyàn kún bámúbámú, àwọn ọmọdé ń na omi sí àwọn eléré. Kò sí ibi tí ẹ̀rù lè fara pamọ́ sí níbẹ̀. Mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, nọ́ńbà láyà, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo pariwo, “Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní ọmọ mi!” Ó dẹ ẹsẹ̀, ó yí orí bí ẹni tó gbọ́ ariwo láti ilé kejì. Mo tún pè é. Ó dúró pátápátá sáàárín ọ̀nà. Ó wo omi ọ̀sà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wá kẹ̀yìn sí ibi tí gbogbo ayé ń lọ, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, sí apá Àjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fọ́n irúgbìn. Àwọn eléré ń yà fún un. “Àǹtí, ọ̀nà ibí kọ́ o!” “Madam, ẹ yí padà, ó ti kù díẹ̀!” Kò gbọ́. Mo pe Àbẹ̀ní títí ohùn mi fi há.

N kò tíì pe Àníkẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò ti pè é. Ó ti mọ ọ̀nà wọlé fúnra rẹ̀. Mo rí i tó ń lọ, mo rántí ẹni tó lọ bẹ́ẹ̀ tí a kò rí mọ́, orí mi dàrú. Mo gbàgbé ìbúra. Mo ki Àníkẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ní gbangba, lójú oòrùn. Ó yí padà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì fi ahọ́n bo eyín iwájú, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe láti fi bo eyín wọn tó ká. Eyín ọmọ mi pé. Ó ní, “Òròmọ, o ti dàgbà tó báyìí?” Ó wá sáré lọ sí ibi ìparí. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ọkọ mi sáré lọ dì mọ́ ọn, ọmọ mi rọra yọ ara rẹ̀ kúrò, ó wò ó pẹ̀lú ìtìjú àna sí àna, ó ní, “Ìwọ ni ọkọ ọmọ mi, àbí?”

Oṣù méjì rèé. Àníkẹ́ kò lọ lọ́sàn-án, kò lọ ní ìrọ̀lẹ́. Dókítà ní ara rẹ̀ pé, pé àárẹ̀ ló pọ̀, kí ó máa sinmi. Ààfáà wa ka àdúà sí i, wọ́n ní òkú kì í padà wá, wọ́n wá béèrè pé ta ló ń fi orúkọ òkú pè é. Ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju “káàárọ̀” lọ. Lójoojúmọ́, kí ó tó lọ wa ọkọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, yóò pe Àbẹ̀ní sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń dá a lóhùn pé, “Kò sí nílé.”

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín, tí n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wà nínú ìwé mi pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi lọ, mo sìn wọ́n sọ́nà dé oríta Àjá, a dágbére, wọ́n súre fún mi. Ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn, ohun tí gbogbo ẹbí mọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Mò ń lọ aṣọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Òròmọ, dìde, sìn mí sọ́nà.” A ti sọ̀rọ̀ síra wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, inú ń bí mi. N kò gbé orí sókè. Mo ní, “Ẹ máa lọ, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.” Àlejò tí a kò mọ̀ rí, a máa ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi, n kò sìn wọ́n dé àgbàlá. Mo kọ irọ́ sínú ìwé, ó sì ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi jọ ń ká aṣọ, ó sì sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: “O kò dìde lọ́jọ́ yẹn.”

Lẹ́yìn náà ló fa ìwé orúkọ jáde, ó ń ṣí i wò. Ó gbé ìka lé ìlà kan. Ó ní, “Òròmọ, ta ni Àbẹ̀ní yìí? Ṣé wọ́n padà rí i?”

Mo wọ inú yàrá lọ, mo fi aṣọ di ẹnu ara mi.

Ó ti ní Sátidé tó ń bọ̀ ni òun ń lọ sílé, sí abúlé tí kò sí mọ́, pé ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn ín, pé èmi ni kí n sin òun sọ́nà. Ọkọ mi ní òun yóò ti ilẹ̀kùn pa, òun yóò sì jókòó síwájú rẹ̀. Màmá Ẹ̀pẹ́ ní kí n san gbèsè tí mo jẹ, kí n sin ìyá mi sọ́nà bó ṣe tọ́, kí n tọrọ àforíjì, kí n wá pe ọmọ mi ní oríta. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, bí àárẹ̀ bá mú ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sórí gọ́tà, ẹ pe kẹ̀kẹ́ fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ kì í, oríkì tirẹ̀ ni kí ẹ fi kì í, bó tilẹ̀ ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí tèmi ti fọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́. Ẹni tí a ń sìn sọ́nà ló máa ń sọ pé ó tó, kí a máa padà. Bí a bá dé oríta, tí ìyá mi bá ní, “Ó tó, Òròmọ, máa padà,” tí mo sì ké pe Àbẹ̀ní, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì kù nínú ara yẹn tí yóò bá mi padà wálé?